Bí a ṣe ń yan Mathematics àti Economics ní yunifásítì láìṣi ẹsẹ̀ gbé

Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò, tó tún fẹ́ mọ ìdí tí ọjà fi ń gbówó lórí, máa ń dé iwájú fọ́ọ̀mù JAMB kó tó rí i pé ìkan nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fi síwájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ́pọ̀ kí yunifásítì so Mathematics àti Economics pọ̀ di oyè kan ṣoṣo. Ní Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Mathematics wà lọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì, Economics sábà máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn Social Sciences, ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé kò dọ́gba. Ìlẹ̀kùn kan lo máa gbà wọlé. Mú èyí tí kò ní jẹ́ kí èkejì tì mọ́ ọ.

Bí agbára rẹ bá gbé e, ìmọ̀ràn wa ni pé kí o fi ìṣirò ṣe òpó. Ẹni tó ti gboyè nínú Mathematics lè kó Economics mọ́ ọn nígbà tó bá ń lọ gba oyè kejì. Ẹni tó gboyè nínú Economics láìní ìṣirò gidi lẹ́yìn máa ní láti padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ kó tó lè ṣe irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ agbára yẹn sì ní bí a ṣe ń dán an wò kó tó di pé a fowó ra fọ́ọ̀mù.

Ìdánwò méjì tí o lè ṣe nílé

Gbé ìwé àti bírò. Ìyá kan ń ta mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà, epo, ata, ewé àti gáàsì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300 náírà lórí ẹyọ kan. Tó bá tà á ní 500, ẹyọ 60 ló ń tà lójúmọ́. Tó bá gbé e sí 550, ó di 50. Tó bá di 600, 40 péré ni wọ́n ń rà. Èló ni kó máa tà á?

Ìṣirò ọjà lásán á bá ọ dé ibì kan. Ní 500, èrè rẹ̀ jẹ́ 200 lọ́nà 60, ìyẹn 12,000. Ní 550, ó jẹ́ 250 lọ́nà 50, ìyẹn 12,500. Ní 600, ó tún padà sí 12,000. Wo ohun kan níbẹ̀: owó tó ń wọ àpò rẹ̀ ní 500 jẹ́ 30,000, ní 550 ó jẹ́ 27,500. Owó tó wọlé dín kù, èrè pọ̀ sí i.

Ní yunifásítì, wọn kò ní ní kí o máa dán iye kọ̀ọ̀kan wò. Wàá kọ ọ́ pé Q = 160 − 0.2P, níbi tí P ti jẹ́ owó ẹyọ kan, tí Q sì jẹ́ iye ẹyọ tó ń tà, kí èrè jẹ́ (P − 300)(160 − 0.2P). Tú àkámọ́ náà, ṣe differentiation rẹ̀ (ìṣirò tó ń sọ bí èrè ṣe ń yí padà bí P ṣe ń yí padà), o máa rí −0.4P + 220. Sọ ìyẹn di òdo, torí pé ibẹ̀ ni èrè ti dé góńgó, P á di 550. Lẹ́yìn náà ni lẹ́kọ́rà á béèrè pé: bí ẹ̀wà bá wọ́n, tí 300 di 400 ńkọ́? Tún un ṣe, P á bọ́ sí 600. Ìnáwó fi 100 lé, ṣùgbọ́n 50 péré ló ṣàǹfààní fún ìyá náà láti fi lé e fún oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé ìdajì yòókù. Bí èsì yìí bá dùn mọ́ ọ débi pé o fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjà, Economics bá ọ lára mu. (Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjà. Ó rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín nítorí pé ìlà gbọọrọ ni iye tí àwọn oníbàárà ń rà ń tẹ̀ lé bí owó ọjà ṣe ń lọ sókè.)

Ìdánwò kejì: fi ẹ̀rí hàn pé bí n jẹ́ nọ́ńbà odidi, tí n × n sì ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù, n fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ 4, 36, 100, wọ́n á ní “ẹ ò rí i pé òótọ́ ni.” Àpẹẹrẹ mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí, àpẹẹrẹ mílíọ̀nù kan náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀nà tó tọ́ rèé: ká sọ pé n kò ṣe é pín sí méjì. Ìyẹn ni pé n = 2k + 1, níbi tí k ti jẹ́ nọ́ńbà odidi. Nígbà náà n × n = 4k² + 4k + 1, èyí tó jẹ́ 2(2k² + 2k) + 1. Ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù, kò ṣe é pín sí méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún wa pé ó ṣe é pín. A jẹ́ pé n kò lè jẹ́ irú nọ́ńbà yẹn. Ó parí.

Irú iṣẹ́ yìí ni Mathematics ń dà láti 200 level (ọdún kejì) lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti inú èyí tó ṣáájú rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ ìṣirò kò sì wúlò púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba A1 ní WAEC ló máa ń kọsẹ̀ níbí, torí pé títẹ̀ lé ìlànà kíá kíá ni A1 yẹn dán wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dán wò nínú ẹ̀rí kíkọ.

Wá ìbéèrè mẹ́wàá irú èkínní àti mẹ́wàá irú èkejì, fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe wọ́n. Má ṣe wo iye tí o gbà nìkan. Wo èyí tó ṣòro fún ọ tí o sì tún padà sí i lálẹ́ láìsí ẹni tó rán ọ. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀rí, gba Mathematics. Bí ó bá jẹ́ ti mọ́ínmọ́ín nìkan, gba Economics tàbí Statistics, kí o sì máa yá ìṣirò mọ́ ọn. Bí ẹ̀rí bá ń sú ọ pátápátá, kò sọ pé o kò ní ọpọlọ. Ó kàn ń sọ pé ọdún mẹ́rin nínú Mathematics á gùn jù fún ọ.

Ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan

Mathematics, 100 level: MTH 101 jẹ́ áljíbrà àti trigonometry, MTH 102 jẹ́ kálíkúlọ́ọ̀sì, MTH 103 jẹ́ vectors àti dynamics. Fíísíìsì àti kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 200 level ni Linear Algebra àti Real Analysis máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìkùnà ti ń pọ̀. Real Analysis máa kọ́ ọ ní kálíkúlọ́ọ̀sì tí o rò pé o ti mọ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wàá fi ẹ̀rí gbe ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀.

Economics ní ìṣirò ju bí àwọn ọmọ kíláàsì commercial ṣe ń retí lọ, ó sì ní ìwé kíkọ ju bí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ṣe ń retí lọ. Ní 100 level, Principles of Economics, ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ àti statistics. Ní 200, microeconomics (ti oníbàárà àti iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan) àti macroeconomics (ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀). Tó bá di 300 àti 400, econometrics (fífi statistics wọn ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé) dé, pẹ̀lú owó ìjọba, báńkì, ìdàgbàsókè ìlú àti ọrọ̀-ajé Nàìjíríà. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdánwò lè ní kí o kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ìdí tí owó náírà fi ń já. Bí àròkọ bá jẹ́ ọ̀tá rẹ, mọ èyí kí o tó wọlé.

Àwọn ìlẹ̀kùn kan wà láàárín tí àwọn òbí kì í sábà rò ó kàn. Statistics ni àkọ́kọ́. Ibi tí ìṣirò àti ọrọ̀-ajé ti ń pàdé gan-an nìyẹn, torí pé statistics tó wọ aṣọ ọrọ̀-ajé ni econometrics. Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀ ní Computer Science with Economics. University of Lagos ní Actuarial Science, níbi tí wọ́n ti ń fi ìṣirò díwọ̀n ewu fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò àti owó ìfẹ̀yìntì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, a máa ń rí ibi tí wọ́n ti so Mathematics àti Economics pọ̀ fún NCE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí olùkọ́.

WAEC àti JAMB: ibi tí ọ̀nà ti ń dí

Kíréédìtì márùn-ún, C6 sókè, ni gbogbo wọn ń béèrè, English àti Mathematics sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú mẹ́ta yòókù. Economics á fẹ́ kí o ní Economics. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Mathematics á fẹ́ Fíísíìsì. Ọmọ tó lọ sí kíláàsì commercial ní SS1 kì í ṣe Fíísíìsì, ìlẹ̀kùn Mathematics a sì ti sé mọ́ ọn lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Bí o bá ṣì wà ní SS1, dúró ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kí o sì fi Economics kún un. WAEC ń gba iṣẹ́ (subject) mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, àyè wà fún English, Mathematics, Further Mathematics, Fíísíìsì, Kẹ́mísìrì, Economics àti Geography pẹ̀lú èyí tí ilé-ìwé bá sọ di dandan. Bí tíṣà bá ní “ọmọ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe Economics,” àkọsílẹ̀ tímútébù ilé-ìwé ló ń sọ, WAEC kò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú òbí rẹ.

Má fojú di Further Mathematics bí wọn kò tiẹ̀ béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọn yóò kọ́ ọ ní 100 level ti wà nínú rẹ̀.

Fún Mathematics WAEC fúnra rẹ̀, abala àròkọ (theory) ni máàkì pọ̀ sí: objective 50 fún wákàtí kan àtààbọ̀ jẹ́ máàkì 50, àròkọ fún wákàtí méjì àtààbọ̀ jẹ́ 100. Nínú àròkọ, márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan fún máàkì 40. Lẹ́yìn náà o máa mú márùn-ún nínú mẹ́jọ fún 60. Kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó kọ ìdáhùn nìkan sọ máàkì ọ̀nà tó gbà nù, bí ìdáhùn náà bá sì ṣì, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ní UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, iṣẹ́ mẹ́rin ni, English sì jẹ́ dandan. Fún Economics, wọ́n á béèrè Mathematics, Economics àti ẹyọ kan sí i, lọ́pọ̀ ìgbà láti inú Government, Geography, History àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún Mathematics, àwọn kan á gba Economics pẹ̀lú Fíísíìsì, àwọn kan á ní Fíísíìsì àti Kẹ́mísìrì ni àwọn ń fẹ́. Nítorí náà, má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ni káfẹ́ kọ̀ǹpútà gbọ́. Lọ sí ibass.jamb.gov.ng, ibẹ̀ ni JAMB kó ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sí. Mú yunifásítì, mú kọ́ọ̀sì, kí o ka ohun mẹ́ta: iṣẹ́ UTME, kíréédìtì WAEC, àti àlàyé àrà ọ̀tọ̀ tí yunifásítì yẹn kọ sí abẹ́ rẹ̀. Yàwòrán ojú ìwé náà pa mọ́. Ṣe é fún kọ́ọ̀sì méjèèjì ní yunifásítì tí o fẹ́, kí o wá mú àkójọ iṣẹ́ mẹ́rin tó bá méjèèjì mu, bí irú rẹ̀ bá wà. Bí kò bá sí, ìdánwò ọ̀sẹ̀ kan tí o ṣe nílé ni kó pinnu fún ọ. Má mú iṣẹ́ tó rọrùn kí o lè gba máàkì púpọ̀: 290 pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò tọ́ kò ní gbé ọ dé ibì kankan, àwọn yunifásítì máa yọ orúkọ rẹ kúrò kí wọ́n tó wo máàkì.

Ìbéèrè 180 ló wà ní UTME fún wákàtí méjì: English 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40-40. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan, èyí tó pọ̀ fún Economics, tó kéré fún Mathematics. Fi ìṣẹ́jú 25 ṣe English, 25 ṣe Economics, 25 ṣe iṣẹ́ kẹta, kó lè ṣẹ́ku 45 fún Mathematics. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mathematics sábà máa ń bá a jìjàkadì títí ìṣẹ́jú 80 á fi lọ, á wá máa fi ojú ṣíṣú tẹ ìdáhùn English.

Nígbà tí èsì bá jáde, rí i dájú pé èsì WAEC rẹ ti wà lórí pọ́tà JAMB, kí o sì máa wo CAPS, ojú òpó tí JAMB ti ń fi kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ọ hàn. Bí wọ́n bá gbé kọ́ọ̀sì mìíràn fún ọ níbẹ̀, wo bóyá ìṣirò wà nínú rẹ̀. O béèrè Economics, wọ́n fún ọ ní Statistics: gbà á. O béèrè Mathematics, wọ́n fún ọ ní kọ́ọ̀sì tí ìṣirò rẹ̀ parí ní 100 level: rò ó dáadáa kí o tó tẹ “accept.”

Ẹni tó bá gba Direct Entry (wíwọlé láìṣe UTME) pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí JUPEB, IJMB, ND tàbí NCE máa ń bọ́ sí 200 level tààrà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi odindi ọdún kan gbọ́ MTH 101 àti 102. Yá ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí o parí rẹ̀ kí sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀.

Yíyá kọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀ka kejì

Bí o bá wà ní Economics, ohun mẹ́rin ni kí o máa lé ní ẹ̀ka Mathematics: Linear Algebra, kálíkúlọ́ọ̀sì tó ju variable kan lọ, probability, àti Real Analysis. Àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún PhD Economics ní Amẹ́ríkà máa ń wá àwọn wọ̀nyí lórí transcript. Bí o bá wà ní Mathematics, yá Principles of Economics ní 100 level, microeconomics ní 200 tàbí 300, econometrics ṣáájú àṣekágbá.

Lọ bá level adviser rẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ̀mẹ́sítà, kí àyè àtúnṣe kọ́ọ̀sì tó tì. Mú ohun mẹ́ta dání: nọ́ńbà kọ́ọ̀sì, iye unit rẹ̀, àti tímútébù ẹ̀ka méjèèjì tí o ti fi wéra. Ohun tó sábà ń ba èyí jẹ́ ni pé lẹ́kíṣọ̀ méjì bọ́ sí wákàtí kan náà, tàbí pé Real Analysis ń béèrè MTH 102 tí o kò ṣe. Ti àkọ́kọ́ kò ní àtúnṣe lọ́dún náà. Ti èkejì ní: forúkọ MTH 102 sílẹ̀ ní 100 level nígbà tí gbogbo èèyàn ń mú kọ́ọ̀sì tó rọrùn.

Ṣọ́ CGPA rẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì tí o ti ṣe. Ká sọ pé o ti ṣe unit 40, o sì wà ní 4.60 lórí ìwọ̀n márùn-ún. O yá kọ́ọ̀sì unit mẹ́ta, o gba C. Gbogbo point rẹ, 184 tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 9 láti ara C náà, á di 193 lórí unit 43, ìyẹn 4.49, o ti jáde nínú first class tó bẹ̀rẹ̀ láti 4.50. Nítorí náà, jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ kọ́ọ̀sì náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣe tútóríà àkọ́kọ́, kí o tó fọwọ́ sí i. Bí ìwé gíga lókè òkun bá wà lọ́kàn rẹ, forúkọ sílẹ̀ bó tiẹ̀ lè jẹ́ B ni wàá gbà. Èyí tí o jókòó gbọ́ lásán kì í hàn lórí transcript.

Kọ́ R tàbí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti 200 level. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ tí ọmọ yín bá ń yan A-level ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ní kí ọmọ mú Economics ṣáájú. Fún oyè Mathematics and Economics, Mathematics àti Further Mathematics ló ṣe pàtàkì jù. A-level Economics kì í sábà jẹ́ dandan. Bí ilé-ìwé rẹ̀ kò bá ní Further Mathematics, ẹ béèrè kí Year 12 tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ó lè ṣe é níbòmíràn.

London School of Economics ní oyè Mathematics and Economics. Warwick ní MORSE, tó so ìṣirò, operational research, statistics àti ọrọ̀-ajé pọ̀. UCAS, iléeṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì níbẹ̀, fún ọmọ yín ní àyè yunifásítì márùn-ún, ìwé àlàyé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á sì kà, nítorí náà kó má mú Mathematics méjì, Economics méjì àti Law kan. Cambridge àti LSE (London School of Economics) ń lo TMUA, ìdánwò ìṣirò fún ìgbaniwọlé, fún Economics: abala méjì, ìbéèrè 20 fún ìṣẹ́jú 75 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò. Abala kejì kún fún irú ẹ̀rí tí a ṣe lókè yẹn. Kó bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì ní àsìkò ooru tó ṣáájú Year 13.

Bí wọn kò bá gbà ọ́ lọ́dún yìí

Wo ohun tó fà á kí o tó ra fọ́ọ̀mù mìíràn. Bí ó bá jẹ́ máàkì UTME, ìgbáradì lo nílò. Bí ó bá jẹ́ pé Fíísíìsì tàbí Economics kò sí nínú èsì WAEC rẹ, o lè forúkọ sílẹ̀ fún WAEC tàwọn tí kò sí nílé-ìwé mọ́. Wò ó lórí IBASS kí o rí i dájú pé yunifásítì tí o fẹ́ ń gba èsì ìjókòó méjì. Fíísíìsì ní ìbéèrè lórí practical, ìyẹn iṣẹ́ láàbù, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ìwé nìkan kọ́ nílé: wá ilé-ẹ̀kọ́ tó ní láàbù níbi tí wàá ti fọwọ́ ara rẹ ṣe ti pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ti lẹ́ǹsì àti ti iná mànàmáná ṣáájú ọjọ́ ìdánwò.